Jíípù Inú Àgbàlá Màmá

Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nípa Kútọnu ni pé ènìyàn lè wà láàárín ariwo láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì níbẹ̀ á dúró níwájú mi, wọ́n á bi mí ní nǹkan ní èdè Fọ̀n, mo á mi orí. Wọ́n á tún un sọ ní Faransé, mo á tún mi orí. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná létí ọ̀nà máa ń sọ fún mi láràárọ̀ pé, "Á fọ́n gánjí à?" Owó ni mo rò pé ó ń béèrè, mo sì máa ń na owó sí i kí n tó gba ẹ̀kọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé kíkí ló ń kí mi, pé ṣé dáadáa ni mo jí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé inú bí mi. Ẹ̀rín náà kàn dé ibì kan nínú mi, kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ti rò pé màá rí àwọn èèyàn mi níbẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún mi nílé pé Yorùbá pọ̀ ní Kútọnu. Òótọ́ ni, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n Nàgó ni wọ́n ń pe ara wọn, láti Ṣakété, Pobè àti Kétu ni wọ́n ti wá, ilé wọn ni wọ́n sì wà. Àwọn Fọ̀n ń pe èmi náà ní Ànàgónù, wọ́n kà mí mọ́ wọn. Àwọn Nàgó gan-an ní ará Nàìjíríà ni mí. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta aṣọ ní ọjà, ní Yorùbá tèmi dà bí èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn nínú rédíò. Tí mo bá pe ilé, wọ́n á ní ará Kútọnu ló ń pè. Mo gba orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí mo bá wọn jiyàn lé lórí.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni fífọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní pápá kan tí wọ́n ń kó wọn sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já wọn láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ohun táwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ gbàgbé ṣì máa ń wà nínú wọn. Mo rí ìwé tí wọ́n kọ ní èdè tí mi ò mọ̀. Mo rí ìgò lọ́fínńdà. Lọ́jọ́ kan mo rí ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan lábẹ́ àga, ẹyọ kan, onírun, pupa. Mo wò ó díẹ̀, mo jù ú sínú àpò ìdọ̀tí, mo ń fọ ọkọ̀ mi lọ.

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí mo kúrò nílé, mo máa ń dáhùn pé iṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú olókè. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni mo dàgbà sí. Àbúrò mi ọkùnrin, Jídé, ló ń wa bọ́ọ̀sì akérò. Ní Sátidé kan ó gbé bọ́ọ̀sì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù pé bíréèkì ẹ̀yìn ń ké. Èmi ni mo ṣe é. Mo pààrọ̀ páìpù bíréèkì kan, mo dì í, mo dán an wò lójú títì, mo ní kó máa gbé e lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì náà kò dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Kò sí èrò nínú rẹ̀. Jídé nìkan ló kú.

Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí. Àwọn ará àdúgbò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bọ̀sẹ̀, àbúrò wa obìnrin, sunkún lórí àyà mi. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wo bọ́ọ̀sì náà ní ibi tó ṣubú sí, ó padà wálé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jẹun. Títí mo fi kúrò nílé lóṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, kò sọ ohun tó rí, èmi náà ò bi í. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló lé mi, kì í ṣe ìyà.

Ní Kútọnu mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ ọkọ̀ tún ṣe. Nígbà tí mo wá rí iṣẹ́ ní garáàjì kan ní Akpakpa, ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé kí ni mo lè ṣe. Mo ní wáyà nìkan ni mo mọ̀. Wáyà kì í pa èèyàn lórí òkè. Ọdún méjì ni mo fi ṣe iná ọkọ̀, fèrè ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń nu ojú gíláàsì. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bàjẹ́ wá, mo á wá nǹkan ṣe níbòmíràn.

Gbogbo Sọ́ńdè ni mo máa ń pe ilé. Bọ̀sẹ̀ ló máa ń gbé fóònù lọ bá Bàbá, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọjọ́ pípẹ́, lọ́dún tí mo lọ ni ó sì fọ́ pátápátá.

"Ṣé àlàáfíà ni?" ni Bàbá á wí.

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Ó tán nìyẹn. Bọ̀sẹ̀ á gba fóònù, á máa bo ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ̀lú ìròyìn ta ló bímọ, ta ló kọ́lé. Mo á máa sọ pé "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n." Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi àti èmi fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, a ò fi ẹyọ kan kún un.

Lọ́dún kẹta ni mo kó lọ sí Agblangandan, létí Kútọnu, sí yàrá kan nínú àgbàlá obìnrin kan tí gbogbo ọ̀nà yẹn ń pè ní Mètírẹ́ẹ̀sì, torí tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nàgó Pobè ni, Kìrìsìtẹ́nì, opó. Èmi ń pè é ní Màmá. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ igbó ìjọba, Sẹ́ẹ̀fù ni òun náà ń pè é, nígbà tó wà láyé àti lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Jíípù Sẹ́ẹ̀fù wà lábẹ́ igi gúáfà ní àgbàlá. Kì í ṣe jíípù bí àwọn jíípù mìíràn. Sẹ́ẹ̀fù ti já ara ọkọ̀ náà kúrò lórí irin ìsàlẹ̀, ó fi òpó kéékèèké gbé e ga, ó wọ táyà tó tó ìbàdí mi fún un. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé sínú rẹ̀, onígásóìlì, èyí tí àwọn kan ń pè ní dísẹ̀lì. Ó fi táńkì kejì kún ti àkọ́kọ́. Páìpù kan gùn láti inú ẹ́ńjìnì dé orí òrùlé, bí ẹni pé ọkọ̀ náà fẹ́ máa mí lábẹ́ omi. Nígbà tí mo dé, koríko ti hù jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, adìyẹ sì ń yé ẹyin sí àga ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí Sẹ́ẹ̀fù ti kú, ó ti di ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Mánú, ọmọ Màmá kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Cadjèhoun, wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ra irin àtijọ́. Mo wà níwájú yàrá mi, mo ń sá aṣọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ó ń gba àyè, ejò ló kù tí yóò wọ inú rẹ̀."

"Tí wọ́n bá gbé e, kí ni n ó fi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ?"

Mánú wo ilẹ̀. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé abúlé wọn, níbi tí wọ́n sin Sẹ́ẹ̀fù sí, wà nísàlẹ̀ Pobè, ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ lásán kì í wọ̀ ọ́, tó bá sì gbẹ, kòtò rẹ̀ jìn jù fún un, ọ̀kadà nìkan ni, ìbàdí Màmá kò sì gbà á kó gun ọ̀kadà mọ́. Tìtorí ọ̀nà yẹn gan-an ni Sẹ́ẹ̀fù ṣe tún jíípù náà kọ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Màmá ò tíì rí ojú oórì ọkọ rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé o ò sọ pé garáàjì lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Wáyà nìkan ni mo mọ̀, Màmá."

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà."

Mánú ní òun máa fún wa láyè títí di ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rìn nígbà náà, irin ni.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sọ pé inú mi dùn sí i tàbí pé ó wù mí. Sátidé àti Sọ́ńdè mi ṣófo, ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Mo kó adìyẹ kúrò, mo fọ inú rẹ̀, mo ra bátìrì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún "tàkì", ó dákẹ́. Mo yọ sítátà rẹ̀, mo tún un ṣe, mo dá a padà. Tàkì. Sátidé mẹ́ta ni mo fi wá a. Ìgbà tó yá ni mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ̀ lé wáyà tó so bátìrì mọ́ irin ọkọ̀. Nígbà tí Sẹ́ẹ̀fù gbé ara ọkọ̀ ga, wáyà náà kò gùn tó mọ́, ó wá so omíràn mọ́ ọn, ó fi rọ́bà wé e. Mo tú rọ́bà náà. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ti di eruku aláwọ̀ ewé, bí ohun tí kòkòrò jẹ. Mo fi wáyà gígùn kan rọ́pò méjèèjì. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì yí, ó húkọ́, ó da èéfín dúdú sí ara gúáfà, ó dìde.

Màmá tiro jáde tòun ti aṣọ orí lọ́wọ́. Ó dúró síbi tí èéfín ti ń bò ó, ó di ẹnu rẹ̀ mú. Èmi rò pé ó yẹ kí n nímọ̀lára nǹkan kan. Mo dúró dè é. Mo nu ọwọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ó ń kú. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á kú. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún dìde, á tún ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, á tún kú. Mo pààrọ̀ fítà gásóìlì. Mo yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù. Mo tú pọ́ńpù. Ó ń kú síbẹ̀.

Ní Sọ́ńdè kan mo pe ilé kí n tó pa ẹ́ńjìnì náà. A sọ ọ̀rọ̀ wa. Àlàáfíà ni. A dúpẹ́. Mo ń retí kí Bọ̀sẹ̀ gba fóònù.

"Ẹ́ńjìnì wo nìyẹn?" ni Bàbá wí.

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. "Jíípù kan ni, Bàbá. Ti onílé mi."

"Onígásóìlì ni. Gbé fóònù súnmọ́ ọn."

Mo gbé e súnmọ́ ọn. Mo ń gbọ́ mímí bàbá mi láàárín ariwo náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ́ńjìnì yẹn gbó ṣùgbọ́n kò ṣàìsàn. Kí ló ń ṣe é?"

Mo sọ fún un. Ó bi mí ní ìbéèrè mọ́kànlá tàbí méjìlá, bí ó ṣe máa ń bi mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, láì gba àyè kí n rò ó. Ṣé ó ń kú lójijì àbí díẹ̀díẹ̀? Díẹ̀díẹ̀. Táńkì mélòó? Méjì. Èwo lò ń lò? Èyí tí wọ́n fi kún un.

"Tó bá kú, má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Lọ ṣí ìdérí táńkì, kí o gbọ́ ohun tó máa wí."

Mo dúró dè é. Ó gbọ̀n, ó kú. Mo ṣí ìdérí táńkì, ó mí sínú, "fíìììì," bí ẹni tí wọ́n di ní imú tí wọ́n wá tú sílẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ láti Ìmẹ̀sí-Ilé.

"Ó ń mu gásóìlì, kò rí afẹ́fẹ́ fi dípò. Wá ihò tó fi ń mí."

Ihò náà jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Sẹ́ẹ̀fù gbé gba ẹ̀yìn àga. Mo já a. Agbọ́n ti fi amọ̀ dí i pa, ó ti kọ́lé sínú rẹ̀, ó ti bímọ, ó ti lọ. Mo fi wáyà gún un, mo fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ náà ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí tí Màmá fi bẹ̀ mí pé kí n pa á kí òun lè gbọ́ àdúrà ara òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti Bàbá ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ jíípù nìkan ni. A sọ ti kúlọ́ọ̀ṣì, a sọ ti omi ẹ́ńjìnì, a sọ bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ nípa òórùn pé óìlì ti gbó. Bọ̀sẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé láti àárọ̀ Sátidé ni Bàbá á ti máa bi òun pé ṣé Sọ́ńdè ti dé. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ padà pé "ó dáa."

Òjò àkọ́kọ́ kù díẹ̀. Gbogbo nǹkan ti pé lára jíípù, àfi ohun kan. Mo máa ń wà á lọ síwájú àti sẹ́yìn nínú àgbàlá, mo á jẹ́ kó lọ kan igi tí mo fi dá a dúró. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ó kù kí ni?" ló bi mí.

"Ó kù bíréèkì."

"Fúrẹ̀ẹ̀ lo fẹ́ wí."

"Bíréèkì ni à ń pè é nílé."

"Faransé lèmi ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwọ ń sọ. Àwọn bàbá wa tó gun ẹṣin, kí ni wọ́n fi ń dá a dúró?"

"Ìjánu ni, Màmá."

"Ó dáa. Kí ló dé tí o ò tíì ṣe ìjánu rẹ̀? Oṣù kan rèé tí ò ń rìn yí i ká."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Bóyá nítorí pé tíṣà ni, ó sì béèrè bí ẹni tó ń dúró gba ìdáhùn. Mo sọ ti Jídé fún un. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn: Sátidé, páìpù, Mọ́ńdè, òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ohùn mi ò yí padà. Màmá dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró.

Nígbà tí mo parí, ó gbọn ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Pẹ̀lẹ́," ló wí. Lẹ́yìn náà, "Ṣé o mọ iṣẹ́ náà àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ pè wá. Èmi àti ìwọ la jọ máa wà nínú rẹ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀.

Mo ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Rọ́bà bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kúrú jù láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà ga, wọ́n nà tan bí okùn aṣọ. Mo ra àwọn tó gùn. Mo ra páìpù tuntun, mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í. Mo tú u, mo tún un dì. Lẹ́yìn náà ó wá ku kí n yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹni méjì sì ni iṣẹ́ yẹn gbà: ẹnì kan á máa tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì, ẹnì kan á wà lábẹ́ ọkọ̀ láti máa ṣí nọ́ọ̀tù. Màmá ní òun máa tẹ̀ ẹ́. Mo fi àga gbé e gun ọkọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màmá. Ẹ dì í mú. Ẹ fi sílẹ̀."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní Faransé bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, "Ẹ̀ẹ̀n! Dé! Tírúwà!" Èmi lábẹ́ ọkọ̀, mo ń ṣí, mo ń dì, omi bíréèkì ń kán sí mi lápá. Ní táyà tó kẹ́yìn, omi náà jáde láì sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ó ti le." Mo wà níbẹ̀, mo gbé orí lé iyanrìn, mi ò jáde fún ìgbà díẹ̀.

Mi ò sọ ti bíréèkì fún Bàbá. Tó bá bi mí pé kí ló kù, mo á ní ó kù díẹ̀. Òun náà kì í bi mí síwájú. Gbogbo ara ọkọ̀ yẹn la ti sọ̀rọ̀ lé lórí, a sì jọ ń rìn yí ohun kan ṣoṣo yẹn ká.

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó lọ. Mánú wá láàárọ̀ Sátidé náà, ó rí jíípù tó ń dún, ó fọwọ́ bọ àpò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, màmá mi nìyẹn." Ó lọ sídìí ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbé okùn nínípọn kan wá tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, ó jù ú sẹ́yìn jíípù, ó lọ láì dágbére.

A gba Ekpè, a gba Àjàṣẹ́, a kọjá Ṣakété. Títì ni, ó tẹ́jú, mi ò ronú nǹkan kan. Lẹ́yìn Pobè a kúrò lórí títì. Ilẹ̀ náà yí padà, láti pupa di dúdú, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ṣẹ́ kọ́rọ́, ó wá ṣí sílẹ̀ níwájú mi, ó ń sọ̀ lọ sísàlẹ̀, gígùn, omi òjò ti gbẹ́ ẹ sí méjì láàárín.

Mo dá ọkọ̀ dúró lórí rẹ̀. Màmá ń wo iwájú.

Mo fi jíà kékeré sí i, mo jẹ́ kó máa lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ìjánu. Ó mú. Mo fi sílẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó mú. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni mo rí i pé mo ti fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni pé yóò bọ́. Mo gbọ́ ọkàn mi létí ara mi. Mi ò tètè mọ ohun tó ń ṣe mí, torí ó ti pẹ́. Ẹ̀rù ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí nǹkan kan ti bà mí lẹ́rù kẹ́yìn.

Mo tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Jíípù náà dúró lórí ìdagẹ̀rẹ́, bí ẹran tí wọ́n so. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, mo fi ọwọ́ pa táyà kọ̀ọ̀kan nínú, mo ń wá omi bíréèkì. Kò sí. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí. Mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí láti òkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òjò ń bọ̀."

Mo gun ọkọ̀. A sọ̀ kalẹ̀.

Nísàlẹ̀, amọ̀ náà gbé wa mì títí dé ìlàjì táyà, jíípù ń fà, ó ń yọ̀, ó ń fà, a sì dé abúlé pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ lórí òrùlé. Màmá ò dúró kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Ó mú ìgbálẹ̀ àti omi, ó lọ sídìí oórì. Mo dúró lókèèrè. Mo rí i tó gbá a, tó fọ sìmẹ́ńtì náà pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn. Mo gbọ́ ọ tó sọ pé, "Sẹ́ẹ̀fù, ọkọ̀ rẹ ló gbé mi wá." Ìyókù ni mi ò fetí sí, torí kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

A sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará abúlé di iṣu kún ẹ̀yìn jíípù, a gòkè padà, a sì dé Agblangandan kí oòrùn tó rọlẹ̀. Sọ́ńdè ni. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ lára, mo pe ilé.

Bàbá ló gbé e fúnra rẹ̀. "Mo ti ń retí rẹ. Jíípù ńkọ́?"

"A gbé e lọ sí abúlé wọn, Bàbá. Òkè kan wà níbẹ̀."

Mo ń gbọ́ àwọn adìyẹ ilé wa.

"Ta ló ṣe bíréèkì rẹ̀?"

"Èmi ni."

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó lọ́ra, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú yàrá.

"Ọjọ́ tí mo lọ wo bọ́ọ̀sì àbúrò rẹ, ojú mi ṣì ń ríran díẹ̀. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Páìpù tó o fi sí i ti já. Mo fọwọ́ tọ́ ọ. Bóyá ó já kí ọkọ̀ tó ṣubú, bóyá ìṣubú náà ló já a, mi ò lè mọ̀ ọ́n. Mo tọ́ ọ títí. Mi ò lè mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Tí mo bá ní ẹ̀bi rẹ kọ́ ni, irọ́ ni. Tí mo bá ní ẹ̀bi rẹ ni, irọ́ náà ni. Mo rò pé tí mo bá dúró díẹ̀, màá mọ̀. O ti lọ kí n tó mọ̀ pé mi ò ní mọ̀."

Mo gbé fóònù mọ́ etí.

"Ẹ mélòó lẹ wà nínú ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀ kalẹ̀?" ló bi mí.

"Èmi àti Màmá."

"Ẹ débẹ̀?"

"A débẹ̀, Bàbá. A sì ti padà."

"Ó dáa," ló wí. Ó tún wí i, "Ó dáa." Mo gbọ́ tó ń fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń pa fóònù, ó wá a títí, Bọ̀sẹ̀ ló bá a pa á.

Màmá pè mí láti ìdí jíípù pé kí n wá bá òun já iṣu sílẹ̀. Mo dìde, mo ń lọ. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa mọ́. Mo di irin ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo dúró síbẹ̀, èjìká mi ń mì, ohùn kan ń jáde lẹ́nu mi tí mi ò lè dá dúró.

Màmá wò mí. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìbàdí rẹ̀, ó gbé iṣu kan, ó rù ú lọ sílé ìdáná, ó padà wá gbé òmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi ṣófo.